Ẹ Wá Flywheel Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnì

1/
Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnì mọ́tò yín, tí ẹ tún fẹ́ kúrò lórí auto bọ́ sí manual, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sanwó ẹ́ńjìnì yẹn. Ẹ kọ́kọ́ wá flywheel tó máa so ẹ́ńjìnì àti gearbox pọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá tíì rí i, irin méjì tí kò mọ ara wọn rí lẹ fẹ́ lọ fowó rà. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o. Ẹ fìdí kalẹ̀.

2/
Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé, "Flywheel lásán-làsàn?" Òun náà ni. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ swap, ẹ́ńjìnì ni gbogbo wa máa ń ya fọ́tò ẹ̀. A máa béèrè bó ṣe lágbára tó, bó ṣe ń mu epo sí. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa béèrè iye tí wọ́n ń ta gearbox. Ọjọ́ tí mọ́kálíìkì bá gbé méjèèjì kalẹ̀, tó fẹ́ dè wọ́n pọ̀, ọjọ́ náà la máa ń rántí flywheel. Ìgbà yẹn, owó ti tán lápò.

3/
Fún ẹni tí kò rí i rí: flywheel ni àwo irin wíwúwo tí wọ́n dè mọ́ ìdí crankshaft. Agbára ẹ́ńjìnì kì í jáde geere bí omi ẹ̀rọ. Gbì, gbì, gbì ló ń jáde, bí iná ṣe ń bú nínú plug kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo flywheel ló ń mú kí gbì-gbì yẹn di ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Lójú ẹ̀ ni clutch jókòó sí. Etí ẹ̀ ní eyín yíká, òun ni kick-starter ń gbá mú tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́.

4/
Mọ́tò auto kò ní irú ẹ̀. Àwo tín-ínrín kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní flexplate. Ó ní eyín létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n torque converter tí epo kún inú ẹ̀ ló ń bá a ru ìwúwo. Clutch ò lè jókòó sójú flexplate láéláé. Àwọn bolt tó dè é náà sábà máa ń kúrú ju ti flywheel lọ, torí àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n dè. Tẹ́ ẹ bá lò wọ́n fún flywheel, ojú bolt díẹ̀ ló máa di irin mú.

5/
Ibi tó ti kàn wá nìyí. Tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, auto ló pọ̀ nínú wọn. Manual, lára ọjà tá à ń pè ní Belgium lẹ ti máa tètè rí i, àwọn tó ti Yúróòpù wá. Ẹni tó bá wá ra ẹ́ńjìnì mọ́tò Amẹ́ríkà, tó ra gearbox mọ́tò Yúróòpù, flywheel tó máa so wọ́n pọ̀ kò sí nínú ẹrù méjèèjì. Ẹ lè rin Ládípò já, kí ẹ tún kọjá sí Owódé Onírin, tàbí kí ẹ gba Àràrọ̀mí ní Agodi Gate lọ, kẹ́ ẹ má rí i.

6/
Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó jọ ọ́, ẹ máa gbọ́ gbólóhùn kan. Lójú tèmi, kò sí gbólóhùn tó ń jẹ wá lówó tó o nínú ọjà spare parts: "Bọ̀dá, ó máa wọlé."

Mi ò ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó lè wọlé lóòótọ́. Àmọ́ bàtà 41 náà máa wọ ẹlẹ́sẹ̀ 42. Ẹ jẹ́ kó fi rìn láti Ọjọ́ta dé Kẹtu ná.

Wíwọlé kọ́ ni bíbáramu. Nǹkan tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ, àlàyé ló kù.

7/
Ẹ wo flywheel bí alárinà láàárín ìdílé méjì. Alárinà tó mọ ilé ìyàwó nìkan, tí kò mọ ilé ọkọ, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Ibi mẹ́rin ni flywheel ti gbọ́dọ̀ bá àwọn tó yí i ká mu: ẹ̀yìn ẹ̀, etí ẹ̀, ojú ẹ̀, àti ìwọ̀n ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

8/
Ẹ̀YÌN. Ibẹ̀ ló ti pàdé crankshaft. Bolt mélòó? Báwo ni àyíká tí ihò bolt wà lórí ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Ihò àárín ńkọ́, ṣé ó há mọ́ orí crankshaft pátápátá àbí ó ń mì? Ihò àárín yẹn ló ń mú kí àwo náà yí déédéé. Tó bá fẹ̀ jù, bolt nìkan ò lè mú un sójú kan náà.

9/
Àpẹẹrẹ kan láti Amẹ́ríkà, torí àwọn ọmọ ibẹ̀ fẹ́ràn swap gan-an. Ẹ́ńjìnì Chevrolet kan wà tí wọ́n ń pè ní small block. Títí dé 1985, oil seal ẹ̀yìn crankshaft ẹ̀ jẹ́ alápá méjì. Láti 1986, wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan. Nítorí seal lásán, àyíká ihò bolt kúrò ní ínṣì 3.58, ó di ínṣì 3.00. Orúkọ ẹ́ńjìnì kò yí padà. Lójú ẹni tó dúró lókèèrè, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmọ́ flywheel ti ìṣáájú kò ní wọ ti ìkejì.

Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ o: orúkọ ẹ́ńjìnì nìkan kò tó, ẹ béèrè ọdún ẹ̀.

10/
ETÍ. Ibẹ̀ ni eyín wà. Ẹ́ńjìnì Chevrolet yẹn kan náà, flywheel ẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀: eléyín 153 àti eléyín 168. Ìkejì fẹ̀ ju ìkíní lọ, ibi tí kick-starter ti máa dúró sì yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá dá wọn pọ̀, nǹkan méjì ló máa ṣẹlẹ̀. Bóyá kick-starter ò ní kan eyín rárá, á máa yí lófìfo. Bóyá ó máa kàn án láìtọ́, kẹ́ ẹ máa gbọ́ "kààràràrà" láàárọ̀ kùtù, títí eyín á fi jẹ tán.

11/
Etí yẹn náà ni kọ̀ǹpútà ti ń kàwé nínú mọ́tò mìíràn. Ẹ wo Peugeot 406. Sensor kan wà lórí ilé clutch ẹ̀ tó ń ka eyín kéékèèké lára flywheel. Ààyè 60 ni wọ́n pín in sí, wọ́n fo méjì nínú ẹ̀. Ibi tí wọ́n fo yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí crankshaft dé. Ẹ fi flywheel tí kò ní eyín yẹn sí i, bolt á wọlé, clutch á jókòó, kick-starter á ta. Mọ́tò ò ní stat. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ra pump, wọ́n á ní brain box ti kú. Kò sí ohun tó kú. Kọ̀ǹpútà ò rí ìwé kà ni.

12/
OJÚ. Ojú ni clutch jókòó sí, clutch sì ni ó ń bá gearbox sọ̀rọ̀. Pressure plate gbọ́dọ̀ bá flywheel mu. Disc tó wà láàárín gbọ́dọ̀ bá eyín ọ̀pá gearbox mu. Release bearing gbọ́dọ̀ ga tó bí gearbox ṣe fẹ́ ẹ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé clutch kan lè gba disc lọ́dọ̀ gearbox, kó gba pressure plate lọ́dọ̀ flywheel, kí àwọn méjèèjì má sì fẹ̀ bákan náà. Òkú ló kàn yẹn, ẹ ò tíì wa mọ́tò.

13/
Bọ̀dá kan wà ládùúgbò wa tó ń fi Golf 3 ṣe kabúkabú. Ẹ́ńjìnì 1.8 ẹ̀ ń mu ọ́ìlì, ó wá ra ẹ́ńjìnì 2.0, ó sì ra gearbox Passat torí pé òun ló le jù. Ó gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù. Mọ́kálíìkì gbé gearbox sún mọ́ ẹ́ńjìnì, gbogbo ihò bá ara wọn. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Mo ní ó máa wọlé." Wọ́n fẹ́ lo flywheel àti clutch tó wà lára Golf tẹ́lẹ̀.

14/
Ẹni tó bá ti tú Golf 3 rí á ti máa rẹ́rìn-ín. Gearbox 020 tó wà nínú Golf yẹn, clutch ẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn. Pressure plate ni wọ́n dè mọ́ crankshaft, flywheel ló wá jókòó sórí pressure plate. Ọ̀pá gígùn kan ló gba inú ọ̀pá gearbox kọjá, òun ló ń ti clutch. Gearbox 02A tó ti ara Passat wá kò ní ọ̀pá yẹn. Fork àti release bearing ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ kí flywheel wà lára crankshaft bó ṣe wà nínú mọ́tò yòókù.

15/
Ẹ́ńjìnì bá gearbox mu, gearbox bá ẹ́ńjìnì mu, síbẹ̀ wọn ò lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Alárinà ni wọn ò ní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò yẹn fi wà lórí jáàkì kí wọ́n tó rí flywheel àti clutch tó ti ara Passat kan náà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò gbé èrò. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ẹ̀ wà nínú mọ́tò yẹn. Gearbox 02A jáde látara Passat kan lọ́jọ́ kan. Flywheel ẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó tú u ló yà wọ́n.

16/
ÌWỌ̀N. Èyí ló burú jù, torí ojú ò rí i. Ẹ́ńjìnì Ford 302, tí wọ́n ń pè ní 5.0, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwọ̀n sí apá kan flywheel ẹ̀ láti fi gbé ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnì mì. Ti àtijọ́ jẹ́ 28 ounce-inch. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ó di 50. Bolt wọn kò yàtọ̀. Ẹ de ti 28 mọ́ ẹ́ńjìnì 50, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mọ́tò máa stat. Ó máa rìn. Ó máa gbọ̀n bí ẹni ibà mú, bearing inú ẹ̀ á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí á fi kú.

Ẹ wá sọ fún mi, kí ni "ó máa wọlé" wúlò fún níbẹ̀?

17/
Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì plug mẹ́rin tá à ń lò níbí, flywheel wọn dá wà ní ìwọ̀n, wọn ò fi ẹrù kún apá kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀n yẹn máa bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá lu ihò tuntun sí i láìfi ẹ̀rọ díwọ̀n, tàbí tó fi wẹ́dà dí ihò àtijọ́. Ọ̀pọ̀ flywheel, cast iron ni. Cast iron ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ dáadáa, kì í gba fífà. Tí àwo bá sì ń yí kíákíá, fífà ló ń fa ara ẹ̀ kúrò láàárín. Ojú wẹ́dà tàbí ihò tó sún mọ́ra jù, ibẹ̀ ló máa ti sán.

18/
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní flywheel kan wúwo tó kílò 8, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28, ká kà á bí àwo irin tó dọ́gba. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí àwo yẹn ń sáré ju kìlómítà 310 ní wákàtí. Agbára tó wà nínú ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú irin kílò 8 tó já bọ́ láti òkè bíi mítà 197. Cocoa House n'Íbàdàn, ilé táwọn bàbá wa ń wò tí fìlà ń jábọ́, bíi mítà 105 ni. Ẹ gbé méjì léra, ó kù díẹ̀ kó tó o. Irin fẹ́lẹ́ sì ni gbogbo ohun tó wà láàárín òun àti ẹsẹ̀ yín.

19/
Mi ò fi dẹ́rù bà yín. Ní 1970, ní pápá ìdíje Lions Drag Strip ní California, gearbox inú ọkọ̀ ìdíje Don Garlits fọ́ yángá, ó sì gé lára ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ lọ. Gearbox nìyẹn, kì í ṣe flywheel, àmọ́ ẹbí kan ni wọ́n: irin tó ń yí kíákíá nítòsí ẹsẹ̀ èèyàn. Ọkùnrin yẹn lọ ya ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, ọ̀nà yẹn sì ni ìdíje náà gbà títí dòní. Lónìí, àwọn eléré ìdíje ibẹ̀ ní ìlànà kan, SFI 1.1, fún flywheel àti clutch nìkan. Èèyàn kì í ṣòfin lórí ohun tí kò ṣe nǹkan.

20/
Àwọn kan á ní, "Ìwọ ọmọdé yìí, àwọn mọ́kálíìkì wa ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ẹ." Òótọ́ ni, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Àmọ́ ẹ lọ bá àwọn àgbà tó mọṣẹ́ gan-an, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe. Wọn kì í sọ pé ó máa wọlé. Wọ́n á gbé flywheel àtijọ́ lé tuntun lórí, wọ́n á wo ihò sí ihò. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, wọ́n á ka ìyókù. Àwa ọmọ ìsinsìnyí tí a fẹ́ kí iṣẹ́ parí lónìí, kó sì wọ́n díẹ̀, àwa là ń kánjú mú wọn.

21/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo fídíò tẹ́ ẹ ní flywheel fífúyẹ́ lẹ fẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnì á máa yára gòkè tó bá fúyẹ́. Á máa yára sọ̀kalẹ̀ náà. Nínú go-slow Ìkòròdú Road, tẹ́ ẹ bá ń tú clutch díẹ̀díẹ̀, ìwúwo yẹn ni kì í jẹ́ kí mọ́tò kú. Ẹni tó ń sáré lórí pápá ló nílò fífúyẹ́. Ẹni tó ń fi mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ nílò kó wúwo bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é.

22/
Kí ni ká ṣe wá? Àkọ́kọ́, tí agbára yín bá ká a, ẹ ra gbogbo ẹ̀ látara mọ́tò manual kan ṣoṣo: ẹ́ńjìnì, flywheel pẹ̀lú bolt ẹ̀, clutch, gearbox, kick-starter. Ẹ sọ fún ontàjà pé ẹ fẹ́ ẹ láìtú. Ó lè wọ́n ju ẹ́ńjìnì nìkan lọ o. Ẹ wá ro iye ọjọ́ tí mọ́tò máa fi wà lórí jáàkì mọ́ ọn. Pedal clutch àti wáyà kọ̀ǹpútà ṣì wà lọ́rùn yín, àmọ́ ìyẹn ṣe é yanjú.

23/
Ìkejì, tí kò bá ṣe é ṣe, flywheel ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Ẹ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín dání lọ sọ́jà, bó bá tiẹ̀ wúwo. Ẹ mú vernier dání. Bolt mélòó, àyíká wọn, ihò àárín, iye eyín, fífẹ̀, gíga láti ẹ̀yìn dé ojú, ibi tí sensor ti ń kàwé. Ẹ wo ojú ẹ̀: tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ búlúù ibi tí iná ti jó o, tàbí ìlà sísán tó bẹ̀rẹ̀ láti ihò bolt, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn. Tó bá jẹ́ eyín nìkan ló jẹ, òrùka eyín yẹn ṣe é pààrọ̀. Wọ́n ń fi iná mú un gbóná kó lè fẹ̀, wọ́n á gbé e wọ̀, tó bá tutù á há.

24/
Ìkẹta, tó bá di dandan kí wọ́n ṣe flywheel tuntun, kí wọ́n fi steel gé e lórí lathe, kí wọ́n sì díwọ̀n ẹ̀ lórí ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó dè é. Owó ńlá ni. Tí apá yín ò bá ká a, swap yẹn kọ́ ló yẹ yín. Ẹ wá ẹ́ńjìnì tó ní manual tiẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

25/
Ohun tó ń dùn mí jù rèé. Àwọn àgbà tó mọ flywheel tó bá gearbox kan mu pọ̀ ní Ládípò àti ní Agodi Gate, orí nìkan ni wọ́n fi ń gbé e. Ọjọ́ tí bàbá yẹn bá padà sábúlé, gbogbo ẹ̀ bá a lọ, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti "ó máa wọlé". Àwa la ní fóònù, àwa la lè kọ ọ́ sílẹ̀.

26/
Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti ṣe swap tó ṣiṣẹ́, tó sì ti rìn ó kéré tán ọdún kan, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ibí: kóòdù ẹ́ńjìnì àti ọdún ẹ̀, kóòdù gearbox, mọ́tò tí flywheel ti jáde wá, iye eyín, clutch tí ẹ lò. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn flywheel pẹ̀lú rúlà lórí ẹ̀. Èmi á kó wọn jọ sójú kan. Ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ mọ́kálíìkì yín, pàápàá èyí tí kì í wo Twitter. Ẹnìkan ń ka owó ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ báyìí.